Eré àsìkò ìsinmi ilé-ìwé: ẹ bá wa kó o jọ fún àwọn ọmọ Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì Aṣèrò:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ mi ń lọ dára ní ti ìwé kíkọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí agogo bíréèkì bá dún, inú kíláàsì náà ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì, wọ́n á mu omi, wọ́n á gbé orí lé tábìlì. Íńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo àgbàlá, mọ́tò àwọn tísà ló sì gba apá kan níbẹ̀. Ọmọ tó bá sáré, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀. Èyí tí kò bá parí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á gba bíréèkì lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Mo bi àwọn ọmọ mi léèrè eré tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ní àwọn ń sọ ìtàn fíìmù. Wọn ò mọ súwè. Wọn ò mọ bojúbojú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, nílẹ̀ Ẹ̀gbá!

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń bọ̀, wọ́n sì ti gbà pé kí n wá sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ lọ ṣàròyé lásán. Mo fẹ́ gbé eré gan-an lọ bá wọn: orúkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tí a ó lò, àti ohun tí a ó ṣọ́ kí ọmọ má baà ṣèṣe. Ẹ sọ èyí tí ẹ ṣe nígbà tiyín, ibi yòówù kí ẹ ti kàwé, Aké ni o, Ìbarà ni o, Òkè-Ọnà ni o. Àgbàlá wa kò tóbi, owó kò sì sí.

Bàbá Ìtokò:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Èmi wọ ilé-ìwé ní 1955, ọdún tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ pọ̀ dé ibi pé abẹ́ igi ni kíláàsì tiwa wà, a gbé bọ́ọ̀dù ti ara ògiri. Rìmù ọkọ̀ tí wọ́n so rọ̀ sí ẹ̀ka igi ni agogo wa, irin ni wọ́n fi ń lù ú. Bó bá ti dún, kò sí ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni máa ṣí, a ti wà níta tẹ́lẹ̀!

Òkòtó ni eré tèmi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wá ìkarahun ìgbín, ìdí rẹ̀ tó ṣóńṣó ni o fẹ́. Fi òkúta rọra gé e kí ó kù ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan, kí o wá máa lọ ẹnu rẹ̀ lórí àpáta pẹ̀lú omi díẹ̀ títí tí yóò fi tẹ́jú yíká. Má kánjú, torí bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí apá kan, kò ní lè jó, á kàn máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ ni. Ẹ̀yìn ilé-ìwé wa ni àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí ojú rẹ̀ ti dán níbi tí àwọn tó ṣáájú wa ti ń lọ òkòtó. Àwa náà lọ tiwa níbẹ̀.

Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e lo máa fi yí i, kí o tú u sílẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Ṣóńṣó á wà nílẹ̀, ẹnu á kọjú sókè, á máa jó. A máa ń fa ilà róbótó, ẹni méjì tàbí mẹ́ta á yí òkòtó wọn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkòtó tó bá ti èkejì jáde, tàbí tó jó kẹ́yìn, òun ló jẹ. Nígbà tiwa, ẹni tí wọ́n jẹ á tẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ sílẹ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ á fi ṣóńṣó òkòtó gbá a níbẹ̀. Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Kí ẹni tí wọ́n jẹ bọ́ sẹ́yìn kí ẹlòmíràn wọlé, ó ti tó.

Àrìn náà wà. Èso igbó ni, ó le, ó dúdú. A máa ń to díẹ̀ sójú ilà, a ó dúró lókèèrè, a ó máa yí òmíràn lọ láti fi gbá wọn. Èyí tí o bá gbá ni o kó. Ọmọ tó mọ àrìn yí, àpò ṣòkòtò rẹ̀ á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, tísà á sì máa wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ń dún.

Ọmọ Kútọ̀:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó máa pẹ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa obìnrin kún un, torí àwọn ọkùnrin kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan òkòtó.

Ìyá Ìbejì, súwè ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Íńtálọ́ọ̀kì tó ń dùn yín yẹn gan-an ni ibi tó dára jù fún un, ṣọ́ọ̀kì péré lẹ nílò. Orí ilẹ̀ la ti ń fi igi fa tiwa, ẹsẹ̀ á sì ti pa á rẹ́ kí bíréèkì tó parí. Ẹ fa àpótí onígun mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn: ọ̀kan, ọ̀kan, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan, méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé òkè. Ọmọ á ju àpáàdì tàbí òkúta pẹlẹbẹ sí àpótí kìn-ín-ní, á fi ẹsẹ̀ kan fò ó kọjá, á máa fi ẹsẹ̀ kan náà tọ lọ. Ibi tí àpótí bá ti jẹ́ méjì ló ti lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Bó bá dé òkè, á yí pa dà, á bẹ̀rẹ̀ mú òkúta rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, ẹsẹ̀ kejì kò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ju òkúta sí àpótí kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gùn ún lọ. Òkúta kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ilà, ẹsẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tẹ ilà. Bó bá ti tẹ ilà, ó kan ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá jù ú tán dé àpótí ìkẹyìn á kọ ẹ̀yìn sí súwè, á ju òkúta gba orí ara rẹ̀ sẹ́yìn. Àpótí tí òkúta bá bọ́ sí ti di ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ ilé yẹn mọ́, àmọ́ òun lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀ kó sinmi. Ibẹ̀ ni súwè ti ń dùn. Bí ilé bá ti di mẹ́ta mẹ́rin, ẹ wá wo ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò wọ́n pọ̀!

Tẹ́ńtẹ́n kò gba nǹkan kan. Ẹni méjì á kojú síra, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fò. Bí orin bá ti já, olúkúlùkù á na ẹsẹ̀ kan síwájú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀kan ti gba ẹsẹ̀ tó bára mu, tí èkejì gba ẹsẹ̀ tí kò bára mu. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe yọ ni wọ́n ń ka àmì. Kò gbà ju ibi tí ẹni méjì lè dúró sí lọ.

Rọ́bà fífò náà ńkọ́? Rọ́bà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń di owó lẹ ó máa kọ́ mọ́ra títí á fi gùn. Ẹni méjì á na án síta pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn. Láti ọrùn ẹsẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, á gun orúnkún, á gun ìbàdí, á dé abíyá. Ẹni tó ń fò gbọ́dọ̀ wọlé kó sì jáde láì kọ́ sínú rẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọbìnrin wọ píńkò sábẹ́ yunifọ́ọ̀mù, kí ọkàn wọn balẹ̀.

Ọmọ Lísàbí:

Ẹ ò tíì dárúkọ pànṣẹ́kẹ́! Igi olódòdó pupa yẹn, bí èso rẹ̀ bá ti gbẹ, ó gùn, ó dúdú, hóró inú rẹ̀ á máa mì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Òun ni idà wa, òun náà ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa. Àwọn kan á máa fi í jagun, àwọn kan á máa fi í lùlù fún wọn. Igi frúùtù náà wà fún ibòji, a ó jẹ ara èso rẹ̀ tán, a ó fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ jẹ ti inú. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ gbin nǹkan kan, kí wọ́n gbin frúùtù. Ó ń tètè dàgbà, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń tẹ́ gbalaja, oòrùn kì í ráyè kọjá.

Bọ́ọ̀lù gbígbá ni mi ò ní sọ púpọ̀ lé lórí. Kò sí ẹni tí a ó kọ́ ní bọ́ọ̀lù.

Ọlọ́kọ̀ Láfẹ́ńwá:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló dùn létí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣubú nílé-ìwé, ó kán lápá, ilé-ìwé ní ọwọ́ àwọn mọ́, òbí ló ru gbogbo ìnáwó. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún tísà pé kí ọmọ òun jókòó. Ìyá Ìbejì, bí ẹni tó ni ilé-ìwé bá ní òun kò fẹ́ wàhálà, kí lẹ fẹ́ wí?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́kọ̀. Ẹ bá mi kí ọmọ náà, Ọlọ́run á fún apá rẹ̀ lókun.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ọmọ tí kì í sáré kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ nínú ìlànà wọn ti 2020 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba. Ẹ wo ọmọ tí ọkọ̀ gbé lọ sílé-ìwé, tó jókòó títí ilé-ìwé fi ṣí, tí ọkọ̀ gbé e pa dà wá sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ibo ni yóò ti rí ìṣẹ́jú 60 yẹn?

Ti gbígba bíréèkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lé e lórí ní 2013. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe fi í jẹ ọmọ níyà, torí ọmọ tó ṣeré díẹ̀ ló ń lè pọkàn pọ̀ nígbà tó bá pa dà sídìí ìwé. Níhìn-ín náà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 kọ ọ́ sí abala 12 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ìyá Ìbejì, ẹ tẹ abala yẹn jáde, kí ẹ mú un lọ síbi ìpàdé. Ó yàtọ̀ sí kí ẹ ní ó wù yín.

Ní ti ṣíṣèṣe, èyí ni kí ẹ bi ilé-ìwé. Ṣé wọ́n ti ṣa ìṣó, wáyà àti àfọ́kù ìgò kúrò ní àgbàlá? Ṣé ọṣẹ àti omi tó mọ́ wà nítòsí? Ta ló mọ nọ́ńbà òbí kọ̀ọ̀kan? Ibo ni wọ́n máa gbé ọmọ lọ, ta ló sì máa kọ́kọ́ sanwó? Kí wọ́n kọ ìdáhùn èyí tó kẹ́yìn yìí sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ìjà má baà sí lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Bí ojú ọgbẹ́ bá bó, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la fi ọwọ́ ra ewé Akíntọ́lá sí orúnkún nígbà kan rí. Ẹ jẹ́ kí ewé wà lórí igi. Ọwọ́ tó ra á ti kó eruku, ewé fúnra rẹ̀ ti kó eruku. Kẹrosíìnì náà, ẹ má dà á sí ọgbẹ́ ọmọ. Bí irin tàbí ìṣó bá gún un, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n wo káàdì àjẹsára rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó nílò abẹ́rẹ́ ipá, ìyẹn tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá wú, tí ọmọ kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹ má fà á, ẹ má fi òróró wọ́ ọ. Ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ dì í bó ṣe wà kí ẹ tó gbé e.

Tísà Ìjẹmọ̀:

Ẹ kú àpérò o. Mo ṣe iṣẹ́ tísà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti dúró ṣọ́ ọmọ ní bíréèkì ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ọgbẹ́. Ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ ṣíṣèṣe ni pé àwọn ọmọ ńlá ń sáré gba àárín àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ pín àgbàlá sí méjì. Bí kò bá ṣe é pín, kí kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta kọ́kọ́ jáde, kí wọ́n wọlé kí àwọn ńlá tó jáde. Kí mọ́tò àwọn tísà kúrò níbẹ̀, ẹ má tijú láti sọ ọ́. Tísà méjì kí ó dúró, ọ̀kan lẹ́nu géètì, ọ̀kan níbi tó ti lè rí gbogbo àgbàlá. Kí wọ́n dúró o, kì í ṣe kí wọ́n máa tẹ fóònù.

Agogo méjì ni kí ẹ máa lù bí bíréèkì bá parí. Ní ti àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù dúró gbọn-in síbi tó wà, ẹsẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ sún. Ní ti ìkejì, kí wọ́n máa rìn lọ tò sórí ìlà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń rọ́ wọlé ni eyín ń kán, ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni, kì í ṣe pápá.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì tẹnu mọ́ jù lọ nìyí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba àwọn eré yìí lọ́wọ́ yín tán kí wọ́n wá sọ ọ́ di iṣẹ́ kíláàsì, kí tísà máa fọn fèrè, kó ní “Ó yá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, ẹ ṣe súwè.” Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìsinmi mọ́. Ẹ kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ibi ìṣeré, ibòji, omi, ojú tó ń ṣọ́, ìwọ̀nyí ni ojúṣe àgbà. Ta ló kan, ta ló tẹ ilà, ta ló ń rẹ́ jẹ, ọwọ́ ọmọ ni kí ìyẹn wà. Mo ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹrin tí kì í dáhùn bí mo bá pè é sídìí bọ́ọ̀dù. Mo dé abẹ́ igi lọ́jọ́ kan, òun ni wọ́n mú ẹjọ́ súwè wá bá. Ó ní kí àwọn méjèèjì dúró síbi tí ẹsẹ̀ wọn wà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilà náà dáadáa, ó ní, “Gìgísẹ̀ rẹ tẹ̀ ẹ́, jáde.” Ẹni tó lé jáde jù ú lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó jáde láì janpata. Kò sí ìwé tí mo lè fi kọ́ ọ ní ìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ bí mo ṣe máa bi í ní ìbéèrè: mo á ní kó dá ẹjọ́ láàárín ìdáhùn ẹni méjì.

Ní ọjọ́ òjò, ẹ ṣe Kí ní ń lẹ́jẹ̀ nínú kíláàsì. Ẹnì kan á máa dárúkọ nǹkan kíákíá. Bó bá dárúkọ ohun tó ní ẹ̀jẹ̀ lára, ewúrẹ́, àdìẹ, ẹja, gbogbo wọn á dáhùn. Bó bá dárúkọ òkúta tàbí àga, kí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó bá ṣì dáhùn bọ́ síta, ó di ẹni tí yóò máa pè é. Jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ̀ ọ́n.

Níta, bí ọmọ bá pọ̀, Ẹkùn mẹ́ran ló dára. Wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú ní róbótó, èyí ni ọgbà. Ẹran wà nínú, ẹkùn wà lóde. Ọgbà á gbé apá sókè kí ẹran lè sá wọlé sá jáde, á sì sọ apá kalẹ̀ bí ẹkùn bá fẹ́ kọjá. Ẹ kọ́ wọn pé bí ẹkùn bá já ọwọ́, kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n má fà á, torí ibẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ ti ń yẹ̀.

Mo sì fẹ́ fi ti bọ́ọ̀lù kún ohun tí Ọmọ Lísàbí sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ àgbàlá kékeré, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ló ni gbogbo ilẹ̀, àwọn tó kù á máa rìn létí ògiri. Ẹ fún bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ilẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ yòókù.

Ará Ìbarà:

Ẹ ẹ̀ ní jẹ́ ká gbàgbé oúnjẹ o! Ìyá olóúnjẹ wa ń jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà àti àwo dọ̀dọ̀, ewé ni ó ń bù ú sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ń ta kókóró, róbó àti àádùn. Tọ́rọ́ la ń ná kí náírà tó dé ní 1973. Bí o bá kí ìyá náà dáadáa, o ó rí èènì. Ọmọ tí kò ní owó, a máa pín fún un, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ wa.

Kókóró sàn ju ṣúìtì tí wọ́n ń dì fún àwọn ọmọ báyìí. Kí ilé-ìwé mú ìyá olóúnjẹ kan tàbí méjì tí wọ́n mọ ibi tó ti ń dáná, kí oúnjẹ rẹ̀ wà lábẹ́ ìdérí, kí omi ìfọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ sì jẹun kí wọ́n tó sáré, àmọ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ìyá Àkànkẹ́:

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ ọmọ mi kan kò ní agbára, ó ń lo ọ̀pá. Gbogbo eré tí ẹ kà sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Níbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní kó máa ṣọ́ báàgì. Ọmọ kì í ṣe ọdẹ báàgì o.

Òkòtó àti àrìn tí bàbá sọ, ó lè jókòó ṣe é. Pípàtẹ́wọ́ náà, ẹni méjì á jókòó kojú síra, ọwọ́ nìkan ni. Bojúbojú tún wà, òun lè jẹ́ ẹni tó ń bo ojú ẹlòmíràn tó sì ń pe orin, ipò gidi nìyẹn, torí ohùn rẹ̀ ni gbogbo eré ń dúró dè. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi fi eré ìjókòó sí i kó pọ̀, kí wọ́n sì tẹ́ ẹní sí àárín ibi tí àwọn yòókù ti ń ṣeré. Kó má jẹ́ ẹ̀yìn ògiri.

Ìyá Ìbejì Aṣèrò:

Ìyá Àkànkẹ́, mo gbọ́ yín. Yóò wà níbẹ̀, àárín gan-an ni ẹní máa wà, mo ṣèlérí.

Ẹ ṣeun gbogbo yín, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ọlọ́kọ̀, mo máa bi wọ́n nípa ìnáwó ilé ìwòsàn kí n tó dárúkọ eré kankan. Ó yẹ kí ìyẹn ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ eré ìjókòó yìí mú mi rántí ayò. Mo fẹ́ kí wọ́n ní ọpọ́n bíi mélòó kan, àmọ́ ọpọ́n onígi kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Tísà, kí la lè ṣe sí i?

Tísà Ìjẹmọ̀:

Kréètì ẹyin! Ẹ lọ bá ẹni tó ń ta ẹyin ládùúgbò yín, wọn kì í gbowó lórí èyí tó ti gbó. Kréètì elẹ́yin 30 ní ìlà márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà ni ihò inú rẹ̀. Ẹ gé ìlà méjì pọ̀, ihò 12 lẹ ní yẹn, ọpọ́n ayò kan ti délé. Kréètì kan á fún yín ní ọpọ́n méjì, ìlà kan á ṣẹ́ kù tí wọ́n lè máa kó ọmọ ayò tí wọ́n bá jẹ sí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e.

Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ní ihò kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ló ni ihò mẹ́fà iwájú rẹ̀. Yóò kó ọmọ inú ihò kan, yóò máa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan gba ọwọ́ ọ̀tún yíká. Bí ọmọ tó fún kẹ́yìn bá sọ ihò ọ̀tá rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n. Bí ọmọ bá pọ̀ nínú ihò débi pé ó yí ọpọ́n ká, kó fo ihò tó ti kó o. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún sáà kan, kí ẹ wá béèrè ìpín àti ìsọdipúpọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí i.

Bí ẹ kò bá rí ọmọ ayò gidi, òkúta wẹ́wẹ́ tí a fọ̀ dára. Àmọ́ kí ọpọ́n wà fún kíláàsì kejì sókè nìkan. Àwọn kékeré á kì í bọ imú.